Gbèsè Òkè Ìdànrè

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ọdún 2025. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un kọ fún ìwé ìròyìn yìí.)

Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, tó jẹ́ pé inú ìwé yìí lẹ ó ti bá ọ̀rọ̀ mi pàdé, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò afẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbélé, pé n kò ní ṣàìní ohun tí n ó sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì mi tó jókòó sápá ọ̀tún lọ́hùn-ún ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé tó bá di ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, kò yẹ kí n lanu láàárín wọn. Gbèsè kan wà lọ́rùn mi. Ó ti lé lógún ọdún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka gbèsè yẹn fún yín, kí n tó sọ bí èèyàn ṣe lè wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kó gun òkè, kó sì padà délé lọ́jọ́ kan náà.

Ní ọdún 2004, nígbà tí a wà ní SS2, tíṣà jọ́gíráfì wa kọ ọ̀rọ̀ kan sójú bọ́ọ̀dù: inselberg. Wọ́n ní èdè àwọn ará Jámánì ni, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkè tó dá dúró bí erékùṣù. Wọ́n ya òkè náà, àwa náà dà á kọ, ṣùgbọ́n ojú wa fi hàn pé kò yé wa. Ni wọ́n bá ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n àfi tí ẹ bá fojú ara yín rí i. Òkè Ìdànrè la ó lọ." Kíláàsì hó yèè!

Èmi ni mọ́nítọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n gba owó jọ, ₦500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo ra ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, mo ń kọ orúkọ ẹni tó bá ti san sínú rẹ̀. Ẹni mẹ́tàlélógójì ló san. Ọ̀rẹ́ wa kan ló san kẹ́yìn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà nítòsí gáréèjì. Ìyá náà fúnra wọn ló gbé owó wá sí ẹnu géètì, owó ogún náírà àti àádọ́ta náírà tí epo ti kan. Wọ́n kà á sí mi lọ́wọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ní, "Ọkọ mi, bá mi mójú tó o o."

Ọjọ́ Sátidé pé. A gbé kúlà ìrẹsì dání, a jókòó sábẹ́ igi láti aago mẹ́fà. Aago méje lù, aago mẹ́sàn-án lù, bọ́ọ̀sì kò dé. Ìgbà tó di ọ̀sán la gbọ́ pé onímọ́tò ti gbé ọkọ̀ fún àwọn tó ń lọ sóde ìgbéyàwó, àwọn tí owó tiwọn ju tiwa lọ. Àsansílẹ̀ tí a san, a kò rí i gbà padà. Èyí tó kù, wọ́n ní ká fi ra mínírà àti bisikíìtì ìparí táàmù. A jẹ ìrẹsì wa lábẹ́ igi, a lọ sílé.

N kò jalè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ìwé wà, ọwọ́ mi ni wọ́n sì kó owó sí. Láti ọjọ́ náà títí a fi ṣe WAEC, Ìdànrè ni wọ́n ń pè mí. "Ìdànrè, ṣé o ti jẹ òkè yẹn tán?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í dé inú.

Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ní ọdún 2024, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa fún ìpàdé. Mo pe ọ̀rẹ́ wa yìí. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ìdànrè! Àbí o ti fẹ́ dá owó ìyá mi padà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá. Kò wá. Ẹ̀yìn ìpàdé ni ẹlòmíràn wá sọ fún mi pé ìyá yẹn ti kú láti ọdún 2022. N kò gbọ́, n kò sì lọ kí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lèèyàn ń ṣe sí irú gbèsè bẹ́ẹ̀? Tí mo bá fi ₦500 ránṣẹ́ sí i lónìí, èébú ni. Tí mo bá fi owó ńlá ránṣẹ́, á ní mo fẹ́ fi ra ẹnu òun. Mo rò ó títí. Mo wá rí i pé òkè tí mo gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́tàlélógójì, èmi alára kò rí i rí. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ohun tí mo jẹ. Èmi nìkan, nínú bọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé ń wọ̀, ní Sátidé kan, àlọ àti àbọ̀.

Inú oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni mo lọ. Ẹ fi oṣù yẹn sọ́kàn. Òjò ti ń lọ nígbà náà, nítorí náà òkúta kì í yọ̀ mọ́, ọyẹ́ kò sì tí ì dé tí yóò fi eruku bo ojú ọ̀run.

Mo dé gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn kó tó di aago mẹ́fà. Ọkọ̀ tí yóò lọ sí Àkúrẹ́ tààrà ni kí ẹ béèrè, èyí tí kì í dúró gbérò lọ́nà. Ẹ má wọ èyí tí yóò já yín sílẹ̀ ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, torí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Owó ọkọ̀ kì í dúró lójú kan nílẹ̀ wa mọ́, ẹ lọ béèrè ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀sìpírẹ́ẹ̀sì wa kò níí ṣe pẹ̀lú aago. Ìgbà tó bá kún ló ń lọ. Mo rò pé mo ti tètè dé, àfi bí mo ṣe bá èèyàn mẹ́wàá tó ti jókòó. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èrò tó kẹ́yìn wọlé, a gbàdúrà, a gbéra.

Ọ̀nà yẹn dára fún ẹni tí kò bá sùn. A kọjá lórí odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìre, níbi tí omi ti tẹ́ lọ rẹrẹ. A dé Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè sáré bá ọkọ̀ níbi tó ti rọra, dòdò dúdú aláta tí wọ́n fi ewé dì. A kọjá Gbọ̀ngán, a kọjá Ifẹ̀, a kọjá Iléṣà. Láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lápá ọ̀tún lápá òsì.

Ìyá àgbà kan ló jókòó tì mí. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Ìdànrè ni, mà.

Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ìgbéyàwó ni?"

"Rárá, mà. Òkè ni mo fẹ́ lọ wò."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ro ọ̀rọ̀ ìyá yẹn títí a fi kọjá Ìgbàrà-Òkè. Òkú àti ìgbéyàwó, òun nìkan ni owó ọkọ̀ wa mọ̀. Òkè tí àwọn èèyàn ń ti ìlú òyìnbó wá wò, àwa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sóde òkú, a ò ní bọ́lẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ lọ, a ó ní ká dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ká dá owó jọ, ká háyà bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ibi tí ìyẹn gbé mi dé.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ la wọ Àkúrẹ́. Mo wọ takisí tó ń lọ sí Ìdànrè, kò jìnnà. Ẹ ó kọ́kọ́ dé Aládé, lẹ́yìn náà Àtòṣìn, kí ẹ tó wọ Òdóde. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń pè ní Ìdànrè, Òdóde sì ni ẹnu ọ̀nà òkè wà. Ojú ọ̀nà yẹn ni ohun tí tíṣà wa yà sí bọ́ọ̀dù ti yé mi. Òkè yẹn kì í rọra ga kó tó di òkè. Inú igbó tó tẹ́jú ló ti yọ lójijì, akọ òkúta ńlá tó borí gbọọrọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, bí erékùṣù láàárín òkun. Mo fẹ́ pe tíṣà lórí fóònù kí n sọ pé, "Sà, ó ti yé mi o."

Kòkó ni wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọkọ̀. Ọdún 2024 yẹn ni owó kòkó gòkè lágbàáyé dé ibi tí kò dé rí, Ìdànrè sì wà lára ìlú tí kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Awakọ̀ wa kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí a fi débẹ̀.

Ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ ó sanwó ìwọlé, wọn yóò sì fún yín ní amọ̀nà. Ẹ gbà á, ẹ má ṣe bí ọ̀mọ̀ràn. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ló gòkè, ó lé ní ẹgbẹ̀ta, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo kà dé igba, èémí kò jẹ́ kí n lè ka òmíràn. Ní ibi ìsinmi kejì, bàbá àgbẹ̀ kan tó ru àpò sórí kọjá lára mi, wọ́n kí mi, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ, bí ẹni tó ń lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn ni mo di ọ̀pá irin mú. Ìtìjú ló gbé mi dé ibi ìsinmi kẹta.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dé òkè, ẹ má sáré ya fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ dúró. Òkè ló yí yín ká, Òdóde wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀, kò sì sí ariwo. Ìtàn ìlú sọ pé ará Ifẹ̀ làwọn tó tẹ ibẹ̀ dó. Wọ́n ti rìn títí, nígbà tí wọ́n sì rí òkè yìí, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní, "Ìdán rè é!" Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Orí òkè ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, torí ẹni tó bá fẹ́ gbógun tì wọ́n, ó ní láti kọ́kọ́ gun ohun tó fẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu mi yẹn. Nígbà tí ogun tán, tí ọ̀nà ọkọ̀ àti ọjà wà nísàlẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Kò tí ì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ìlú náà ṣì wà lókè. Ààfin àtijọ́ ti Ọ̀wá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Kóòtù wà níbẹ̀, àtìmọ́lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán ni òkè Òrósùn, tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò lè bá a mu, ọmọdé tàbí àgbà, àfi tẹni tó bá jẹ́ àjẹ́. Ẹ ń wojú mi. Ó dáa, mo fi ẹsẹ̀ mi sí i. Amọ̀nà bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Ó bá mi mu. Ẹ̀yin ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa, mo ní ẹlẹ́rìí o.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró jù lọ ni ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ wà lórí òkè yẹn. Amọ̀nà ní ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọ Ìdànrè níwèé. Ilé amọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ro àwọn ọmọ tó jókòó níbẹ̀, tí wọ́n pariwo á, bí, dí níbi tí ìkùukùu ti ń wọlé bá wọn láàárọ̀. Mọ́nítọ̀ wọn á wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbèsè á wà níbẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ta nǹkan kó tó rí owó ìwé san, òun náà á wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ti kú. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kankan tó lè pè wọ́n jọ mọ́. Kò sí gbèsè kankan nínú kíláàsì yẹn mọ́, torí pé kò sí ẹni tó kù tí yóò béèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi tó ń béèrè owó ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi ṣe mí lóore. Ẹni tó bá ṣì ń béèrè, ó ṣì mọ̀ ẹ́ ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí òkè náà. Mo pè é.

Mo ní, "Ìdànrè ló ń sọ̀rọ̀. Orí òkè ni mo wà."

Ó ní, "Òkè wo?"

"Òkè tí mo gba owó rẹ."

Ó dákẹ́. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa Màmá ni, pé ẹ̀bi mi ni pé n kò wádìí, kó jọ̀ọ́ kó má bínú. Ó tún dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá máa ń béèrè ẹ. Nígbà tí gbogbo wa ń pariwo pé o jẹ owó, wọ́n ní ojú ọmọ yẹn kò jọ ojú olè."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Amọ̀nà lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi ní, "Àtẹ̀gùn mélòó ni?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀ta."

"Orúnkún mi ò dáa mọ́ o."

"Ibi ìsinmi márùn-ún wà."

"Màá wò ó."

Ohun tó sọ nìyẹn. N kò ní fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìyókù fún ẹni tó bá fẹ́ lọ. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ibikíbi tí ẹ bá wà lórí òkè, ẹ yí padà. Mo sọ̀kalẹ̀ kété lẹ́yìn aago méjì, mo dé gáréèjì Àkúrẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin díẹ̀, síìtì kan ṣoṣo ló kù nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn, lórí táyà lẹ́yìn pátápátá. Ilẹ̀ ṣú bá wa lọ́nà. Èyí kò dáa, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ọ̀nà wa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rìn lóru lásìkò yìí. Ẹni tó bá rí i pé òun ti pẹ́, kó sùn sí Àkúrẹ́ tàbí sí Òdóde. Ẹ mú owó ibùsùn àti búrọ́ọ̀ṣì eyín dání. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi dání. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ yín sára àpáta. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yẹn ránṣẹ́ sí UNESCO, ó sì wà lára àwọn ibi tó ń dúró de kí wọ́n kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Wọn kò ní í fẹ́ bá "Sẹ́ẹ̀tì 2006 ló dé ibí" lára rẹ̀.

Alága, mo ti fẹ́ parí. Sátidé kejì nínú oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó wà ní ẹsẹ̀ òkè yẹn ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá. Kò sí ìgbìmọ̀, kò sí bọ́ọ̀sì àháyà. Kálukú yóò san owó ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ẹ má fún mi ní kọ́bọ̀!

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa náà rèé. Màmá mi ló bá mi tọ́jú rẹ̀. Orúkọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti fi ayé sílẹ̀. A ó gbé orúkọ tiwọn gòkè, a ó sì kà á sókè níbẹ̀. Ti àwọn tó kù, ẹni tó bá dé òkè ni n ó fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ pé mo ti san. Títí di òní, orúkọ kan ṣoṣo ni mo fa ìlà sí, tèmi ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ ìrẹsì. Ti òní, bọ́ọ̀sì kankan kọ́ la ń dúró dè.